Ewé Tó Ń Rìn ní Akùrọ̀ Ifẹ̀wàrà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú ọ̀tún mi ti lọ. Ti òsì ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀, ó sì ń rí ẹni tó bá dúró níwájú mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ọwọ́ ni n ó fi mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ni. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé ọ̀rọ̀ ohun kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ, ohun tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín rò pé mo ń pe ohun tí n kò rí ní ohun tí mo rí. Èyí tí mo fi ojú ara mi rí, n ó sọ pé mo rí i. Èyí tí wọ́n sọ fún mi, n ó sọ pé wọ́n sọ fún mi ni.

Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti Mobọ́láńlé gbéra láti Òṣogbo níbí, a lọ sí Ifẹ̀wàrà. Mo gbọ́ pé àwọn tó kù nínú yín bínú, ẹ ní arúgbó bíi tèmi kò yẹ lẹ́ni tó ń gun ọ̀kadà wọ inú igbó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Akùrọ̀ kan wà lẹ́yìn ilé bàbá yín àgbà, níbi tí ewé eéran ti ń hù fúnra rẹ̀, ewé tí a fi ń pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní mọ́ínmọ́ín. Ẹbí ti fohùn ṣọ̀kan pé wọn yóò ṣán an kí oṣù yìí tó parí, wọn yóò gbẹ́ adágún ẹja síbẹ̀. N kò bá wọn jà. Oúnjẹ ni ẹja náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú akùrọ̀ yẹn tó jẹ́ pé, bí mo ṣe mọ̀, èèyàn méjì péré ló tíì rí i títí di ọjọ́ náà. Ọ̀kan ti kú. Èkejì ni èmi tí ojú ń fọ́ yìí. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ rí i kí àdá tó wọ ibẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé tí mo bá kú, ọ̀rọ̀ náà á di irọ́ tí ìyá àgbà kan máa ń pa. Gbogbo ohun tí mo ń wá lọ nìyẹn.

Ọmọ Òṣogbo ni mí. Nílé wa, ọjà ni ìyá mi ti ń ra ewé. Wọ́n á ti dì í ní ìdì, tiwa ni ká fi àkísà tútù nu iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ká sì máa pọ́n. N kò bi ara mi léèrè rí pé níbo ni ewé ti ń wá. Ìgbà tí mo wọlé ọkọ ní Ifẹ̀wàrà ni mo tó mọ̀ pé ewé náà ní ibi tó fẹ́ràn láti hù, ó ní àkókò tí ó máa ń rọ̀ àti àkókò tí ó máa ń le, ó sì ní àwọn tó ń bá a gbé.

Èdè wọn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Wọ́n ń pe ilé ní ulé, wọ́n ń pe iṣu ní uṣu. Mo rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀. Yèyé, ìyá ọkọ mi, wò mí, wọ́n ní, “Máa rẹ́rìn-ín ẹ. Tí o bá bímọ síbí, ulé lòun náà á máa pè é.” Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Bàbá yín tí ẹ ń wò yìí, bó ṣe ń sọ Yorùbá Òṣogbo tó, tí inú bá ti bí i, ulé ló ń pè é.

Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ nígbà náà, ì báà jẹ́ ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ tó dùn fún un. Àbúrò bàbá yín àgbà kan wà, obìnrin ni, eyín rẹ̀ funfun báláú, ẹ̀rín kì í sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Eyínafẹ́. Mo rò pé orúkọ yẹn á jẹ́ kó fẹ́ràn mi. Ó gba orúkọ náà tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì ń fi eyín ọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́ mi títí di Sátidé tó kọjá.

Iṣẹ́ ewé ni iṣẹ́ Yèyé. Àwọn àti obìnrin márùn-ún mìíràn ló máa ń wọ akùrọ̀ lọ, omi á mu wọ́n dé orúnkún. Iṣẹ́ náà ní ìró tirẹ̀. Tí o bá di igi ewé mú nísàlẹ̀ tí o fà á, á han fìọ̀ bó ṣe ń yọ. Ewé náà ga ju èèyàn lọ níbòmíràn, ẹ kò ní rí ara yín, nítorí náà ìró fìọ̀ yẹn lẹ fi ń mọ̀ pé ẹ ṣì pé. Tí apá kan bá dákẹ́ pẹ́, ẹnì kan á ké hùúù, ẹni tó dákẹ́ á sì dáhùn hùúù. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi orin nínú ayé mi, ṣùgbọ́n tí mo bá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án báyìí tí ilé parọ́rọ́, fìọ̀ yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Wọn kì í di ewé lọ́jọ́ tí wọ́n bá já a. Wọ́n á tẹ́ ẹ sí ibi tó ṣíji kó lè rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí oòrùn bá ti ga díẹ̀, àwọn obìnrin náà á jókòó sójú kan, wọ́n á kọjú sí ìlà oòrùn, wọ́n á máa gbé ewé sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú ojú wọn. Fífi ewé han oòrùn ni wọ́n ń pè é. Ewé náà á tàn bí ìgò. Ẹ ó rí gbogbo iṣan rẹ̀, bó ṣe to ara rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Tí àbàwọ́n kan bá wà tó ń tàn ju ibi tó kù lọ, wọ́n á yọ ewé náà sọ́tọ̀, tí wọ́n bá sì ń padà lọ sí akùrọ̀, wọ́n á kó irú rẹ̀ dání, wọ́n á dá a padà síbẹ̀. Èmi rò pé ìdọ̀tí ni wọ́n ń wá. N kò béèrè. Mo jẹ́ ìyàwó tuntun, mo sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà rò pé n kò mọ nǹkan kan.

Àìbéèrè yẹn ló fa wàhálà.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ló sì máa ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí gbogbo ìjọ máa jẹ. Ewé Yèyé ni wọ́n máa ń lò lọ́dọọdún. Lọ́dún yẹn, ẹsẹ̀ Yèyé wú, wọn kò lè wọ omi, wọ́n ní kí n lọ bá wọn já ewé. Inú mi dùn débi pé n kò sùn dáadáa. Nígbà tí mo dé akùrọ̀, mo rí apá kan lọ́wọ́ òkè tí ewé ti pọ̀ bíi pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án rí. Mo ní sí ara mi pé àwọn obìnrin wọ̀nyí mà ya ọ̀lẹ o, wọ́n fi èyí tó pọ̀ tó báyìí sílẹ̀, wọ́n ń já èyí tó wà nínú ọ̀gbun omi. Ibẹ̀ ni mo ti já gbogbo ewé mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òjò ṣú, oòrùn kò yọ. Kò sí oòrùn tí a máa fi ewé hàn. Mo ṣe é bí a ṣe ń ṣe é ní Òṣogbo, mo mú àkísà, mo nu iwájú, mo nu ẹ̀yìn. Mo rí àwọn àmì kékèké funfun lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, mo rò pé ẹ̀kán omi ló gbẹ síbẹ̀. Mo fi àkísà nù ún títí, kò kúrò. Mo dì wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ ìkórè, nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún fún ìparí ìsìn, a ṣí ìkòkò ńlá náà. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ti jáde kúrò nínú ewé. Omi ìkòkò ti ki, ó ti pọ́n, ewé òfìfo ń léfòó lójú rẹ̀. Eyínafẹ́ ló kọ́kọ́ la ẹnu.

“Ìyàwó, kí lo sè yìí?”

Mo ní, “Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni, Eyínafẹ́.”

“Ọ̀lẹ̀lẹ̀ kọ́. Gbẹ̀gìrì Òṣogbo lo gbé wá bá wa! Ẹ wá o, ẹ mú síbí dání o!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú. A bu ú sínú abọ́ fún àwọn èèyàn. Àlùfáà jẹ tirẹ̀ tán, ó ní òun kò jẹ irú rẹ̀ rí, ó sì dúró síbẹ̀, kò sọ bóyá ó dára tàbí kò dára. Mo wọ ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ, mo sunkún.

Yèyé ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ tó wú sórí àpótí. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní kí n mú ọ̀kan nínú ewé inú ìkòkò wá. Oòrùn ti yọ nígbà náà. Wọ́n gbé ewé náà sókè, wọ́n ní, “Wò ó.”

Mo wò ó. Níbi tí mo ti rí àmì funfun yẹn, ewé kò sí mọ́, awọ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló kù, ó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ní àárín rẹ̀, lábẹ́, ihò kan wà bí ojú abẹ́rẹ́.

“Ulé onílé lo já wá,” ni Yèyé wí.

“Ta ni onílé, Yèyé?”

“Kòkòrò kan ni. N kò rí i kó ṣe nǹkan kan rí o. Ihò rẹ̀ ni mo mọ̀, àti ilé rẹ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé. Apá òkè yẹn ló pọ̀ sí. Bí ìyá mi ṣe sọ fún mi ni mo ṣe ń sọ fún ọ: ewé tí onílé bá wà lára rẹ̀, fi sílẹ̀ fún un.”

Ẹ ó rí i pé apá tí mo rò pé ọ̀lẹ ló jẹ́ kí wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni. Mo ti ro ìdí rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó lè jẹ́ pé wọn kò fẹ́ fi agbára ṣòfò lórí ewé tí kò wúlò. Ó lè jẹ́ pé tí kòkòrò náà bá ní ibi tirẹ̀, kò ní wá sórí èyí tó dára. Ó sì lè jẹ́ pé ìwà ni lásán, pé wọ́n rò pé kò tọ́ láti lé ẹni tó ti wà nínú ilé rẹ̀. N kò lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Yèyé fúnra wọn kò mọ̀.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, mo sì fẹ́ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Ní ọjọ́ Ajé, mo gba àdá, mo lọ sí apá òkè, mo ṣán gbogbo ewé alámì tí mo rí. Mo rù wọ́n wálé, mo kó wọn jọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo ní tí wọ́n bá gbẹ díẹ̀ n ó dáná sun wọ́n, ọ̀rọ̀ onílé á sì parí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìṣáná. Ewé ti rọ. Mo rí ẹ̀rún ewé gbígbẹ kan lára ògiri amọ̀, ó gùn díẹ̀, ó rí roboto bí ẹyọ ọkà bàbà tí a fà gùn. Mo fẹ́ gbọ̀n ọ́n dànù. Ó sún. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ni, mo fi ọwọ́ mi dí ibẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má lè dé ibẹ̀. Ó tún sún. Ó ń gun ògiri lọ. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òmíràn ń bọ̀. Mo wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n pọ̀ lára ògiri náà, kékèké, wọ́n ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, bíi pé òkìtì ewé tí mo ṣán ti dìde tó ń wá ibi tó máa gbà lọ sílé.

Mo ké. Mo ní, “Ẹ wá o! Ewé ń rìn!”

Eyínafẹ́ sáré dé. Òjìji rẹ̀ bọ́ sára ògiri, gbogbo wọn dúró ṣinṣin. Ó wo ògiri, ó wò mí.

“Ewé wo?”

“Àwọn wọ̀nyí.”

Ó fi ìka gbá ọ̀kan, ó jábọ́, kò mira. Ó ní, “Ìyàwó, ṣé ara rẹ yá? Tí o bá fẹ́ padà sí Òṣogbo, sọ fún wa ká wá ọkọ̀ fún ọ. Kò dìgbà tí ewé bá rìn.” Kó tó di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Tí mo bá ń kọjá lọ sódò, wọ́n á ní, “Ìyàwó Ewé-ń-rìn, ewé kan mà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ o!” Bàbá yín àgbà pàápàá rẹ́rìn-ín. Mo dárí jì í, ṣùgbọ́n mo rántí.

Yèyé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n gbé àpótí wá sẹ́yìn ilé ìdáná. Wọ́n jókòó, èmi náà jókòó. Wọ́n ní, “Níbo ni òjìji wa bọ́ sí?” A sún kúrò. Wọ́n ní, “Má mí sí i.” Mo fi etí aṣọ bo imú. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí agbo ewúrẹ́ kan fi wá jẹko tó tún lọ. Lẹ́yìn náà, ní ẹnu ẹ̀rún ewé tó wà níwájú wa, orí kan yọ.

Ó dúdú, ó ń dán. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ tínínrín mẹ́fà. Ó na ara rẹ̀ síwájú, ó di ògiri mú, ó sì wọ́ ilé rẹ̀ tẹ̀lé ara. Yèyé di ọwọ́ mi mú.

Mo gbé ewé tútù kan sún mọ́ ọn. Ó gorí rẹ̀, ó bọ́ sí abẹ́, ó fi òwú kan tí n kò mọ ibi tó ti rí i so ẹnu ilé rẹ̀ mọ́ ewé, ó sì gbẹ́ ihò kan tí kò ju ẹnu ilé náà lọ. Ó gba inú ihò yẹn wọ inú ewé. Kì í ṣe orí ewé, kì í ṣe abẹ́ ewé, àárín awọ méjèèjì ni. Mo gbé ewé náà han oòrùn, a sì ń rí i nínú ibẹ̀ kedere, bí ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Ó ń jẹ ẹran ewé láàárín, ó fi awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ó nà lọ sọ́tùn-ún, ó nà lọ sósì, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò kúrò nínú ilé rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó, ó fi sílẹ̀.

Èyí tó pa wá lẹ́nu mọ́ jù ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta. Ọ̀kan nínú wọn ti tóbi ju ilé rẹ̀ lọ. Ó lọ sí etí ewé, ó jẹ àárín rẹ̀ títí awọ méjèèjì fi ṣófo. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, awọ òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀, ó ń gé e yípo. Bó ṣe ń gé e ló ń rán etí rẹ̀ pọ̀ láti inú. Nígbà tí ó gé ibi tó gbẹ̀yìn, ilé tuntun náà yọ kúrò lára ewé, ó gbé e, ó ń lọ. Ti àtijọ́ fì síbẹ̀ bí aṣọ tí ọmọdé ti dàgbà kúrò nínú rẹ̀.

Yèyé wò ó títí. Wọ́n ní, “Kò wọn ara rẹ̀. Ta ló bá a wọ̀n ọ́n?”



Yèyé ti já ewé láti ìgbà ọmọdé. Wọ́n ti mọ ihò yẹn, wọ́n ti mọ ilé yẹn, wọ́n ti fi ewé onílé sílẹ̀ fún onílé ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó tì í rí. Àṣìṣe èmi ìyàwó Òṣogbo ló gbé e wá sí ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n ní ká kó òkìtì ewé náà padà. Wọ́n fi ọ̀pá tẹ̀lé mi, ẹsẹ̀ wọn kò tíì san, a tẹ́ ewé náà sí abẹ́ àwọn tó ṣì wà lórí ìdúró, kí àwọn onílé lè gun òkè padà. Tí ẹnikẹ́ni bá fi mí ṣẹ̀sín lójú wọn lẹ́yìn ìgbà náà, gbólóhùn kan ni wọ́n máa ń sọ: “Mo rí i.” Èèyàn á dákẹ́. Eyínafẹ́ nìkan ni kì í dákẹ́. Ó ní ìyá òun ń gbè sẹ́yìn ìyàwó ni.

Mo fi ọ̀kan pamọ́ sínú ìgò, mo fi aṣọ bo ẹnu ìgò náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àfòpiná kékeré kan jáde nínú rẹ̀, àwọ̀ eérú, etí ìyẹ́ rẹ̀ ní irun bí etí aṣọ òkè tí a kò tíì ṣẹ́. Ó dúró sí ẹnu ìgò, ó fò, n kò rí ibi tó gbà. Ọ̀kan péré ni mo rí, nítorí náà n kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń rí.

Lónìí, inú ọ̀rá ni ẹ ń se mọ́ínmọ́ín, tàbí inú agolo mílíìkì, tàbí abọ́ rọ́bà. N kò bú yín. Omi akùrọ̀ ló ba ẹsẹ̀ Yèyé jẹ́, ejò sì bu ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yẹn ṣán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. N kò ní purọ́ fún yín pé ìgbà náà rọrùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀rá kì í tàn lójú oòrùn bí ewé, kò sì sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti jókòó ní òwúrọ̀ kó máa wo nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá gbé ewé sókè, báwo ló ṣe máa rí ẹni tó wà nínú rẹ̀?

Mobọ́láńlé kò gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn ló kà jáde, kì í sì gba nǹkan láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, “Ìyá, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́. Ó sì lè jẹ́ èèrà ló gbé e.” Ó wo fóònù rẹ̀ títí. Nígbà tó yá, ó ní òun ti rí i pé irú rẹ̀ wà ní ilẹ̀ òtútù, wọ́n ń jẹ ewé igi kan tó ń hù lẹ́bàá omi lọ́hùn-ún, igi tí a kò ní níbí, wọ́n sì ń gbé ilé wọn kiri. Ó ní, “Ṣùgbọ́n ìyẹn kò fi hàn pé ó wà ní Ifẹ̀wàrà.” Mo ní òótọ́ ni, kò fi hàn. Ká lọ wò ó.

A wọ ọkọ̀ dé Iléṣà, a wọ òmíràn dé Ifẹ̀wàrà, a sì gun ọ̀kadà dé ilé. Eyínafẹ́ ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé. Eyín tí mo torí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, mẹ́ta ló kù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán ìṣẹ́tí aṣọ nígbà tí a débẹ̀.

Ó ní, “Ìyàwó! Ewé ló gbé ọ wá àbí ọkọ̀?”

Mo ní, “Ọkọ̀ ni, Eyínafẹ́. Ewé ni mo wá fi hàn yín.”

“Láti ìgbà ayé Yèyé? O ò tíì jáwọ́? Mobọ́láńlé, ṣé báyìí ni ìyá ìyá rẹ ṣe ń dà yín láàmú ní Òṣogbo?”

“Ìyá bàbá mi ni wọ́n, Ìyá.”

“Mo mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti báyìí, mo máa ń fẹ́ kó jẹ́ ti ẹlòmíràn.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ká abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú aṣọ, ó dìde. “Mo ń bọ̀ o. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí kò bá rìn.”

A rọra lọ. Wọ́n ti la ọ̀nà kan wọ etí akùrọ̀ náà. Mo fi ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n, ilẹ̀ tó máa ń rọ̀ ti le. Apá òkè ṣì kù. Mobọ́láńlé gbé ewé sókè han oòrùn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí mo ṣe ní kó ṣe é. Ihò tata ló rí lára èyí àkọ́kọ́, ó sọ bẹ́ẹ̀. Lára òmíràn, àbàwọ́n àìsàn ewé ni, ó sọ bẹ́ẹ̀ náà. Ó pẹ́. Ọkàn mi ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní, “Ìyá, èyí fẹ́lẹ́. Awọ méjì ló kù, ihò kan sì wà lábẹ́ rẹ̀.” Ó rí ilé kan níbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ó ṣófo.

Eyínafẹ́ ní, “Onílé ti kó lọ.”

Mobọ́láńlé ní, “Ilé wà, mo rí i. Ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe ìrìn.” Mo ní ó tọ̀nà.

Ó ń wá a lọ. Ó tún rí òmíràn, ó ní eléyìí wúwo. Ó gé ewé náà, ó gbé e lé orí itan Eyínafẹ́ tó ti jókòó sórí igi tó wó, nítorí pé ìyẹn ni ibi tó tẹ́jú. Mo sọ fún wọn bí Yèyé ṣe sọ fún mi: ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sí i, ẹ má mí sí i.

Èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. N kò rí ju àwọ̀ ewé lọ, gbòòrò, láìsí ohun kankan lórí rẹ̀. Mo ń gbọ́ Eyínafẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun. Ó ní kòkòrò ń jẹ òun lọ́rùn, bóyá ìyẹn ni kòkòrò tí mo ń wí. Ó ní tí òun bá dé ọ̀run, òun á sọ fún Yèyé pé a tún jókòó ti ewé. Ó tún ní òun fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, lẹ́yìn ìyẹn òun ń lọ gbé ọbẹ̀ ka iná.

Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Mo dúró. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn, n kò gbọ́ kí Eyínafẹ́ dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi ojú òsì mi wo apá ibi tó wà. Mo rí i bàìbàì pé ó ti fa ìborùn rẹ̀ wá síwájú, ó fi bo imú àti ẹnu, bí mo ṣe fi aṣọ bo tèmi lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá rẹ̀.

Mo ní, “Eyínafẹ́, ṣé kò sí nǹkan?”

Ọwọ́ rẹ̀ wá ọwọ́ mi kàn, ó dì í mú gírígírí. Láti inú aṣọ náà, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí ọmọ má baà jí:

“Ìyàwó, dákẹ́. Ó ń rìn.”